Ọdún Mẹ́rin Tí Wárápá Fi Gba Ọmọ Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé wárápá ni ohun tó ń gbé yín ṣubú, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ní in tipẹ́ tí ẹ ń fi í pamọ́ fún àna yín, ẹ̀yin ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí. Èmi náà fi í pamọ́ rí. Rábíátù ni orúkọ mi, aránṣọ ni mí ní Pápá Àjàó, ní Muṣin. Ilé kéwú ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìwé, lẹ́yìn náà ni bàbá mi fi mí sí ilé ìwé àwọn Mùsùlùmí, mo sì ka ìwé kẹfà níbẹ̀. Bí mo ṣe wà láàyè tí mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ èyí, iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ó lo àwọn ènìyàn kan láti gbà mí. Bí ẹ bá rí i pé mo ń yìn wọ́n, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé Ẹni tó rán wọn.

Ọmọ mi, Síkírátù, pé oṣù mọ́kànlá nígbà tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Kó tó di ọjọ́ náà, àwọn àmì kan ti ń yọjú tí n kò kà sí. Abẹ́rẹ́ á ṣàdédé bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ òsì mi á ta bí ìgbà tí ẹnìkan gbá a láti abẹ́. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ òórùn irun tó ń jó, n ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà nítòsí, wọn ò ní gbọ́ òórùn kankan. Ìyá Súfí, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Síkírá, imú rẹ ti dàgbà jù ọ́ lọ. Lọ fi í fún ọkọ."

A ó jọ rẹ́rìn-ín. Ká ní mo mọ̀ ni, n kì bá ti rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán ni. Ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń yan ẹ̀pà jẹ. Mo pọn ọmọ, mo ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ bùbá oníbàárà kan. Òórùn irun náà dé, ó sì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí mo mọ̀ mọ nìyẹn.

Nígbà tí mo lajú, ilẹ̀ ni mo wà. Mo ti gé ahọ́n mi jẹ. Apá ọ̀tún mi ti jó, ó ń ta mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ni mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ wá. Kò sí ọmọ níbẹ̀. Ìyá Súfí ló tú ọ̀já, tó fa ọmọ náà yọ, kò sì sí ohun tó ṣe é. Mo na ọwọ́ sí i. Ìyá ọkọ mi ti gbé e, ó ń sún sẹ́yìn.

"Ìyàwó, n kò kórìíra rẹ," ló wí. "Ṣùgbọ́n itọ́ ẹnu rẹ kò gbọdọ̀ kan ọmọ yìí."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ebi ń pa á. Kò tíì já lẹ́nu ọmú."

"Yóò já. Òní ló já."

Ẹ ò gbọdọ̀ pè é ní ìkà. Ohun tí gbogbo wa gbà gbọ́ nìyẹn: pé itọ́ oníwárápá ló ń ràn, pé ènìyàn kò gbọdọ̀ bá a jẹun nínú abọ́ kan náà. Èmi náà, kí ó tó ṣe mí, mo ti sá fún ọmọdébìnrin kan bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwé wa. Mo gbé bẹ́ǹṣì mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n n kò rí ọmọ náà mọ́ kí n tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n gbé ọmọ mi wọ lọ́rì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ràímì, ọkọ mi, káfíńtà ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ náà, ó jókòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń fi ìwé oníyanrìn fá pákó kan tó ti dán tipẹ́. Ọmú mi kò mọ̀ pé ọmọ ti lọ. Bí ọmọ aládùúgbò bá ké, wàrà á máa ro, bùbá mi á tutù, n ó sì wọ yàrá lọ. Ó tó oṣù méjì kí ó tó gbẹ. Nígbà tó gbẹ tán, ìyẹn tún dùn mí ju ríro rẹ̀ lọ.

Bí ìwòsàn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìyá ọkọ mi máa ń fi oògùn rán awakọ̀, iṣẹ́ kan náà ló sì máa ń bá a wá: "Bí ó bá lo èyí tí kò bá ṣubú mọ́, n ó mú ọmọ wá." Ẹ ò lè mọ ohun tí obìnrin lè gbé mì bí wọ́n bá so ọmọ rẹ̀ mọ́ ìdí igbá. Mo mu àgbo ewé tábà tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù rẹ. Ọjọ́ méjì ni mo fi sùn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n rò pé mo ti lọ. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí mi lórí. Nígbà tí mo ṣubú lójúde, àwọn aládùúgbò ti ẹsẹ̀ mi sí ẹ̀yin iná kí n lè jí, wọ́n sì ṣe é tìfẹ́tìfẹ́. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ títí di òní, bàtà kì í pẹ́ ní ẹsẹ̀ mi. Mo mu hàntú, omi ọ̀rọ̀ Kùránì tí wọ́n fọ̀ láti ara wàláà. N kò ní sọ̀rọ̀ àìdáa sí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run láéláé. Mo mu ún pẹ̀lú ìgbàgbọ́. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé Ọlọ́run kan náà ti fi oògùn tèmi sí ibòmíràn, mo sì gbọ́dọ̀ dìde lọ gbà á.

Ó tó ọdún méjì tí mo fi ń ṣe èyí. Àwọn oníbàárà ń dín kù. Ta ni yóò gbé aṣọ ìyàwó fún ẹni tó lè ṣubú lé e? Mo rán ẹ̀wù kékeré kan fún Síkírátù ní ìgbà ọyẹ́, mo fi rán awakọ̀. N kò mọ bó ti ga tó. Mo fojú inú wọ̀n ọ́n. Wọ́n ránṣẹ́ padà pé ẹ̀wù náà kò wọ ọmọ náà lọ́rùn.

Obìnrin kan wà tí mo máa ń rán yúnífọ́ọ̀mù fún, nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kan lápá Yábà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́jọ́ kan, mo ń wọ̀n ọ́n ní ìbàdí ni mo ṣubú. Nígbà tí mo lajú, orí mi wà lórí itan rẹ̀, ó ti yí mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi gèlè ara rẹ̀ nu ẹnu mi.

"Ó ti tó ìgbà wo?" ló bi mí.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí, Àǹtí. Ó ń ràn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Rábí, ní ọjọ́ Ẹtì, wá bá mi ní Yábà."

"Yábà kẹ̀? Wọ́n á ní mo ti ya wèrè."

"Àwọn tó ń ti ẹsẹ̀ rẹ bọ iná, kí ni wọ́n ti ń pè ọ́ tẹ́lẹ̀?"

Mo lọ. Mo fi ìborùn bojú kí ẹnikẹ́ni má dá mi mọ̀ nínú bọ́ọ̀lẹ̀kájà. Láti ìgbà tí a bá ti kírun àsùbáà ni ìlà ti máa ń gùn níbẹ̀. Àwọn ìyá, àwọn bàbá arúgbó, ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n fi okùn so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. A ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì títí ọ̀sán. Dókítà béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi ju bí mo ti rò lọ, ó sì fún mi ní oògùn funfun kéékèèké: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan nírọ̀lẹ́. Ó ní kí n má ṣe fo ẹyọ kan.

Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti sọ ìtàn ọkùnrin Faransé kan fún mi, díẹ̀díẹ̀, bí ó bá ti ń kọjá. Ó ní inú ìwé tí wọ́n fi kọ́ àwọn ní iṣẹ́ ni òun ti kà nípa rẹ̀. Ó dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò yí lẹ́nu mi, n kò sì fẹ́ ṣì í kọ. Dókítà ni, láyé àwọn baba ńlá wa. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ńlá kan ló ti kọ́ṣẹ́, níbi tí wọ́n ń kó àwọn obìnrin tí wárápá àti àìsàn ọpọlọ ń dà láàmú sí. Nígbà tó yá, wọ́n fi òun náà ṣe olórí ibi tí àwọn ọmọdé wà: àwọn ọmọ oníwárápá, àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò jí, tí ìdílé wọn ti gbàgbé wọn síbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń kọ́ wọn ní nǹkankan. Wọ́n kàn ń ṣọ́ wọn ni.

Ọkùnrin yìí ní òun kò gbà. Ó ní kí wọ́n máa kọ bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣubú sílẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ àti bó ti rí. Bí ọ̀kan bá kú, ó máa ń yẹ inú orí rẹ̀ wò, ó sì rí i lára àwọn kan pé ibì kan ti le bíi kókó nínú ọpọlọ wọn. Nítorí náà, kì í ṣe ànjọ̀nú. Ó kọ́ ilé ìwé fún wọn. Ó ṣí ibi iṣẹ́ fún wọn: káfíńtà, bàtà rírán, ìwé títẹ̀.

"Aṣọ ńkọ́?" Mo dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. "Ṣé wọ́n ń ránṣọ níbẹ̀?"

"Wọ́n ń ránṣọ."

"Bí ọmọ bá wá ṣubú lẹ́nu iṣẹ́?"

"Wọ́n á tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá sinmi tán, á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, n kò lè sọ bí ibẹ̀ ṣe wù mí tó. N kò mọ ilẹ̀ Faransé, òtútù rẹ̀ á pa mí. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ púpọ̀, bí mo bá ń tẹ ẹ̀rọ, mo máa ń rò ó pé yàrá kan wà níbì kan tí gbogbo àwọn aránṣọ inú rẹ̀ jẹ́ oníwárápá, tí ẹnikẹ́ni kì í sáré bí ọ̀kan bá ṣubú.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé ọkùnrin yìí ló tún jà fún un pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ní ìwé. Ó sì sọ pé ọkùnrin náà kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ó bá àwọn àlùfáà ìlú rẹ̀ fa ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. "Èmi tí mo ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì," ló wí, "ó dùn mí nígbà tí mo kà á." Ó dun èmi náà. Mo rò ó títí. Ibi tí mo fi í sí ni pé Ọlọ́run máa ń fi ẹni tó wù Ú ránṣẹ́, àti ẹni tí kò mọ ẹni tó rán òun. Ìdájọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ mi.

"Àwọn ìyá wọn ńkọ́?" Mo tún bi í. "Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n wá wò wọ́n?"

Ó ní, "Ìwé tí mo kà kò sọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé délé. Àwọn ọmọ yẹn, àwọn ni wárápá ń ṣe, wọ́n mú wọn kúrò lọ́dọ̀ ìyá. Tèmi, ìyá ni wárápá ń ṣe, ọmọ náà ni wọ́n ṣì mú lọ.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Oorun kọ́kọ́ ń kùn mí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n rán ìka ara mi mọ́ aṣọ, ṣùgbọ́n ìṣubú dín kù, nígbà tó sì di oṣù keje tí mo ti ń lò ó, ó ti tó oṣù mẹ́rin tí n kò ṣubú rárá. Ràímì kọ̀wé sí ìyá rẹ̀. Ìdáhùn dé: bí mo bá lè gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì tó ń bọ̀ tán bí ènìyàn gidi, láìṣubú, òun yóò mú Síkírátù wá fún Ìtúnnu.

Ibí ni mo ti ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Oògùn ọ̀sán wà níbẹ̀, ẹni tó ń gba ààwẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbé nǹkankan mì ní ọ̀sán. Bí mo bá sọ pé n kò gba ààwẹ̀, ìyá ọkọ mi á ní ara mi kò tíì yá. N kò bi Àáfà. N kò bi dókítà. Mo fi tọ̀sán sílẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì tí kò sí ohun tó ṣe mí, mo rò pé ààwẹ̀ náà ló wò mí sàn, mo sì fi ti ìrọ̀lẹ́ àti ti ìdájí sílẹ̀ pẹ̀lú. Inú mi dùn. Mo ń rán ẹ̀wù tuntun fún ọmọ mi, mo sì ń kọrin sí i.

Wọ́n dé nígbà tí Ìtúnnu ku ọ̀la. Ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀, ó dúró sí ẹ̀yìn ìyá ọkọ mi, ó di ìró rẹ̀ mú. "Kí Àǹtí Èkó," ìyá àgbà sọ fún un. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú ilé o, Àǹtí." Mo dáhùn. Mo gba orúkọ náà, mo ní lẹ́yìn ọdún n ó yí i padà. Ní àárọ̀ Ìtúnnu, mo gbé ẹ̀wù náà wọ̀ ọ́, ó sì gbà kí n di bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀. Bọ́tìnnì márùn-ún ni. Mo di mẹ́ta. Òórùn irun dé.

Igbe rẹ̀ ni wọ́n ní gbogbo agboolé gbọ́. Nígbà tí mo mọ ibi tí mo wà, wọ́n ti lọ sí ìdíkọ̀.

N kò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa àwọn oṣù tó tẹ̀lé e. Ràímì ló lọ pe Àáfà àgbà mọ́ṣáláṣí wa wá bá mi. Ó jókòó sórí àpótí ṣọ́ọ̀bù, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Rábíátù, ta ló ní kí o gba ààwẹ̀?"

"Dandan ni, Àáfà."

"Dandan lórí ta ni? Ẹni tó pa á láṣẹ ló yọ̀ǹda aláìsàn. Ìwọ wá fẹ́ le ju Ọlọ́run lọ? Bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí o sì lo oògùn rẹ." Ó dìde, ó tún padà jókòó. "Kì í ṣe Ọlọ́run lo gba ààwẹ̀ yẹn fún. Ìyá ọkọ rẹ lo gbà á fún."

Mo sunkún, nítorí òótọ́ ni.

Mo padà sí Yábà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì kò bá mi wí. Nígbà tí Ràmàdáánì mìíràn dé, mo jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, mo gbé ife omi, mo sì gbé oògùn mi mì lójú gbogbo ayé.

"Ìyá Síkírá!" Ìyá Súfí pariwo. "O ò bẹ̀rù Ọlọ́run?"

"Mo bẹ̀rù Rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń mu ún nìyẹn."

"Ọ̀rọ̀ rẹ ti pọ̀ jù. Sún síwájú, òòrùn ń pa ọ́." Lójoojúmọ́ lẹ́yìn náà, òun ló ń bá mi gbé oúnjẹ lọ fún tálákà tí mo ń bọ́.

Mo kọ lẹ́tà sí ìyá ọkọ mi fúnra mi. Mo ní: Ìyá, n kò gba ààwẹ̀ lọ́dún yìí, n kò sì ní gbà á mọ́ níwọ̀n ìgbà tí oògùn bá wà lọ́wọ́ mi. Àìsàn náà ṣì wà lára mi. Oògùn ló ń dá a dúró. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ wá wò ó. N kò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó mú ọmọ wá. Ọwọ́ mi kò lè kọ ọ́.

Òun nìkan ló wá. Ó gbé pẹ̀lú wa fún ogójì ọjọ́, ó ń wò mí bí ẹni ń ṣọ́ iná. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ gba oògùn, ó ní òun yóò bá mi lọ. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kò pẹ́, ọmọkùnrin kan ṣubú ní ìlà wa, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Àǹtí Nọ́ọ̀sì dé, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó fi ọwọ́ lásán nu ẹnu rẹ̀. Ìyá ọkọ mi dìde, ó lọ bá a.

"Ọmọ mi, ọdún mélòó lo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí?"

"Ó di ọdún mẹ́jọ, Ìyá."

"Itọ́ yìí ti kàn ọ́ nígbà mélòó?"

"Ta ló ń kà á?"

"Kò ràn ọ́?"

"Ẹ wò mí, Ìyá."

Ó wò ó. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì padà wá jókòó. Nígbà tí a délé, ó ní, "Ìyàwó, mo já ọmọ lẹ́nu ọmú fún asán." Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà kò mọ̀." Ó ní, "Àìmọ̀ kì í dá ọmú padà."

Oṣù kan lẹ́yìn tó lọ, ó mú Síkírátù wá, ó kó gbogbo ẹrù ọmọ náà wá pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún. Ó jókòó sí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Nígbà tó ku èmi àti òun, ó bi mí pé:

"Ṣé ẹ tún máa ṣubú?"

Mo ti pèsè irọ́ kan sílẹ̀ fún un láti ọdún pípẹ́. N kò lè pa á.

"N kò mọ̀. Mo ń lo oògùn kí n má baà ṣubú. Bí mo bá ṣubú, yí mi sí ẹ̀gbẹ́, má ki nǹkankan bọ̀ mí lẹ́nu, kí o sì pe Ìyá Súfí. N ó dìde. Mo máa ń dìde."

"Ó dáa," ló wí.

Bí mo ṣe wà báyìí nìyí. Láti ìgbà tí ó ti dé, mo ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ibà mú mi. Síkírátù ṣe gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ. Mo ṣì ń lo oògùn, dókítà sọ pé ó lè jẹ́ títí ayé. Àwọn oníbàárà kan padà, àwọn mìíràn kò padà. Ẹ má ṣe ti ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni bọ iná. Ẹ má fo oògùn yín nítorí ojú ènìyàn, kì báà jẹ́ ènìyàn tí ẹ fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá ní ọmọ tí ẹ ń retí, ẹ máa retí rẹ̀ pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́.

Síkírátù ti wọ ilé ìwé. "Ìyá mi" ló ń pè mí nígbà mìíràn, nígbà mìíràn "Àǹtí" á já lẹ́nu rẹ̀, á sì fi ọwọ́ bo ẹnu. N kì í bá a wí. Láràárọ̀, bí ó bá ń lọ, ó máa ń wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó yà ní ìkóríta. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì wà lórí ìdúró. Iṣẹ́ á ti dúró dè mí, oníbàárà á máa pè mí. Ṣùgbọ́n n kì í wọlé. Mo máa ń dúró lójú ọ̀nà títí yóò fi wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kẹta.